Iwe àti Ìwé

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń tẹ̀wé ní Sápọ́n:
káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú,
rìsíìtì àwọn aláṣọ àdìrẹ ní Ìtòkú.
Ọwọ́ mi kì í mọ́. Tàdáwà ti wọ inú èékánná;
ìyàwó mi ní bí mo bá kú sọ́nà, òun á fi dá mi mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì
mo máa ń gbé Adérónpé, àbúrò mi, lọ sí Ìdí-Àbà.
Wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀,
wákàtí mẹ́rin gbáko,
òun á máa bi mí bóyá odò Ògùn ti kún dé ẹsẹ̀ afárá.
Iwe rẹ̀ méjèèjì, kíndìnrín ni wọ́n ń pè é níbẹ̀,
ti gbẹ bí ẹ̀wà tó pẹ́ nísàlẹ̀ àpò.

Dókítà kan wà, ọmọ Ṣóẹ̀tán ará Ìjemọ̀,
irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Ó na fóònù sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín rèé."
Ẹ̀rọ ni lóòótọ́. Ó ní orí, ó ní abẹ́rẹ́,
ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń to ìlà lé ìlà,
bí ìyá wa ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ sára aṣọ.
Àmọ́ tàdáwà tibẹ̀ wà láàyè:
sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bù lára aláìsàn fúnra rẹ̀,
tí wọ́n sìn bí ẹni sin adìyẹ títí ó fi di ẹgbàágbèje.
"Lọ́jọ́ kan, a ó máa tẹ iwe bí ẹ ti ń tẹ ìwé.
Ara kò ní kọ̀ ọ́, torí ara ló ni ín.
Kò sẹ́ni tí yóò máa dúró de òkú ẹlòmíràn kó tó yè."

Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ.
Màá sọ ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n atẹ̀wé ni mí, mo mọ ìwà ẹ̀rọ.
Bí tàdáwà bá gbẹ lẹ́nu abẹ́rẹ́ ńkọ́?
Ó ní ó máa ń gbẹ. Bí wọ́n bá sì fipá tì í, sẹ́ẹ̀lì á kú.
Bí iná bá lọ láàárín ojú ewé?
Ó wo jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé.
Ta ní ń ka àṣìṣe rẹ̀?
Èmi, bí wọ́n bá ṣi orúkọ òkú kọ, mo lè ya á,
kí n tún un tẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.
Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló le jù:
awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣeé tẹ̀,
àmọ́ ẹran tó nípọn, bí iṣan kò bá gbé ẹ̀jẹ̀ dé àárín rẹ̀,
inú á ti rà kí ẹ̀yìn tó gbó.
Mo ní, "Ó ku ọdún mélòó?"
Ó na ìka, ó ká a padà.
Mo ní, "Èló?" Ìyẹn ló pa á lẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí.
Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò.
Ó bá tirẹ̀ mu
bí ewé méjì tó jáde lára pátákó kan náà.
Mo ká èsì náà sí mẹ́rin, mo tì í sábẹ́ ìdì pépà,
mo sọ fún gbogbo ilé pé wọn ò tíì pè mí.
Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ ọmọ Ṣóẹ̀tán tètè dé
kó gbà mí lọ́wọ́ ọ̀bẹ.

Lánàá, Adérónpé ní kí n tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ fóun,
kékeré, tó ṣeé gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Mo tẹ Ṣẹ́rẹ́, mo tẹ Èrèlé.
Nígbà tí mo dé Ẹrẹ́nà, ọwọ́ mi dúró.

Mo wá ìdì pépà náà lọ.
Tàdáwà ti ta sí èsì yẹn létí, àmọ́ ó ṣì ṣeé kà.
Ìwé tí mo ti tẹ̀ kò lóǹkà.
Iwe méjì ni mo ní, n kò sì mọ̀ọ́ tẹ̀.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo tẹ oṣù tó kù.