Ìbéèrè Kẹta

Ayárabíàṣá ni wọ́n ń pè é,
tèmi ti di ayárabíìgbín láti ọjọ́ pípẹ́.
Mà á tẹ̀ ẹ́, mà á bọ́ bàtà yìnyín, mà á gbọn ẹ̀wù,
mà á po tíì, mà á mu ún dé ìdajì
kó tó lajú, kó ní òun ti jí.

Láti oṣù kẹwàá ló ti ń kìlọ̀:
àwọn tó ṣe òun ti kọ òun sílẹ̀,
kí n tètè wá ọpọlọ tuntun fi sí òun lórí.
Mo ní ó dáa. Ta ni kì í darúgbó?
Iṣẹ́ arúgbó ni mò ń ṣe ní Winnipeg yìí,
mo mọ bí a ti ń gbé wọn láti ibùsùn kan sí òmíràn.

Òwúrọ̀ Sátidé, mo ti iṣẹ́ òru dé,
mo kó àwòrán Oyèkúnlé pamọ́ sínú fíláàṣì:
Oyèkúnlé pẹ̀lú ẹja gbọ̀ǹgbọ̀ létí adágún ní Gimli,
Oyèkúnlé nínú kóòtù tó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Mo wá ní kí ẹ̀rọ gbàgbé ohun gbogbo.
Ó gbàgbé.
Ó yá a lára ju bí mo ti rò lọ.

Nígbà tó lajú padà, kò kí mi.
Í-meèlì rẹ dà? Nọ́ńbà fóònù rẹ dà?
Wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi tó wà lókè réré.
Kó gbogbo ẹrù rẹ wá sínú àwọsánmà.
Mo wá ibi tí mo lè tẹ̀ láti sọ pé n kò fẹ́.
"Tẹ̀síwájú" nìkan ló wà níbẹ̀.

Àwọsánmà kẹ̀?
Èyí tí mo mọ̀ ní Ìgbájọ
dúró jẹ́ẹ́ títí ìyá mi fi sá láfún tán,
ó wá tú gbogbo ara rẹ̀ lé e.
Ẹ̀rọ tí a fowó wa rà, lórí tábìlì mi,
nínú ilé tí mò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù,
ló ń bi mí pé ta ló ní kí n wọlé.

Mo kan ilẹ̀kùn Oksana, ọmọ aládùúgbò,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, irun rẹ̀ aláwọ̀ aró.
Ó jókòó, ó ń jẹ búrẹ́dì, kò tilẹ̀ wojú mi:
"Màmá, ẹ fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ."
Ìtàkùn tó ní kí erin má gòkè odò,
ìka méjì ni mo fi já a.
Ó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, fèrèsé dúdú kan ṣí,
ó kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án tí kò jọ èdè ẹnikẹ́ni.
Ẹ̀rọ kú, ó jí,
ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀:
kò burú. Kí ni kí n máa pè ọ́?

Oksana mú ọsàn méjì, ó lọ.
Ó ku èmi àti ẹ̀rọ àti ìró híítà.
Mo fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó ní ìbéèrè mẹ́ta ló kù,
nítorí ọjọ́ tí mo bá gbàgbé.
Ìlú wo ni wọ́n ti bí ọ? Mo tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì ohùn.
Kí lorúkọ ẹran ọ̀sìn rẹ àkọ́kọ́?
Ewúrẹ́ ni. A kò sọ ọ́ lórúkọ. A jẹ ẹ́ ní Kérésì.
Mo kọ "ewúrẹ́".
Kí ni wọ́n ń pè ọ́ nígbà tí o wà lọ́mọdé?

Ọwọ́ mi dúró.
Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́.
Ìyá Bólúwatifẹ́ ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Lóròòru ni mò ń wẹ àwọn arúgbó ará ibí,
tí mò ń yarun wọn, tí mò ń ró aṣọ mọ́ wọn,
kò sí èyí tó bi mí rí.
Oyèkúnlé nìkan ló mọ̀ ọ́n,
ó sì ti mú un lọ.

Àwẹ̀ró.

Ẹ̀rọ gbé e mì, kò tún un pè.
Mo pè é fúnra mi, lẹ́ẹ̀kan, sí inú yàrá.
Híítà ló dáhùn.
Wáyà ṣì wà nílẹ̀ níbi tí mo fà á sí.
N óò kì í bọ ihò rẹ̀ padà
bí mo bá sùn jí.