Agbọ̀n Aláìnídìí

Ìwé kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.
Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti bọ́, eku ti jẹ ọdún méjì àkọ́kọ́.
Èmi ni mo ń kọ àmì ayò fún Ọ̀kín Rélùwéè, Ọ̀fà,
láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kanlẹ̀ lórí àga akọ̀wé.
Ẹ má bi ìjọba. Èmi ni kí ẹ bi.

Atóyèbí alágbẹ̀dẹ ló rọ irin àkọ́kọ́.
Òrùka ẹnu àgbá epo ni,
ó fi iná tẹ̀ ẹ́, ó so ó mọ́ òpó wáyà
lẹ́yìn ilé ẹrù, níbi tí wọ́n ti ń to iṣu.
Bàbá kan tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ dúró,
ó wò ó títí, ó ní:
"Ìjàkadì lorò Ọ̀fà.
Èyí tí ẹ gbé kọ́ yìí ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ fi agbọ̀n aláìnídìí rù?"
Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Eré ni wọ́n ń sá.

Atatíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n, adáná ọkọ̀,
ọmọ Ìjàgbó kan tí ń tẹ wáyà.
Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, eré á dúró,
wọ́n á fi jẹ́sì nujú, wọ́n á lọ já ẹrù,
wọ́n á padà wá bá àmì ayò níbi tí mo fi í sí.

Ọdún tí wọ́n sọ wá di ẹgbẹ́ tí ń gbowó oṣù,
a pa màlúù.
Wọ́n da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, wọ́n ra bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí kò lẹ́gbò lára.
Sùbérù Òpó-Iná wá láti Ìlémọnà,
ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé,
títí kan ilé tí wọn ò tíì gbé àtẹ́rígbà lé.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ogójì àmì lálẹ́ ọjọ́ kan, lójú àwọn ará Ìbàdàn,
nínú bàtà tí a fi rọ́bà so.
A gba ife. Èmi ni mo gbé e láti ibùdókọ̀ dé Ọjà Owódé.
Ó tutù. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́.
Ó ń pẹ́ ní wákàtí, ó ń pẹ́ lọ́jọ́,
ó pẹ́ títí koríko fi hù láàárín irin méjèèjì.
Owó oṣù ń bá a rìn:
wọn ò sọ pé kò ní í wá. Wọ́n ní ó ń bọ̀.
Oṣù kẹsàn-án, Sùbérù ta bàtà.
Ó lọ gun ọ̀kadà n'Ílọrin, orúnkún rẹ̀ ń kan etí.
Ǹ bá ní a fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n irọ́ ni.
A ò rí owó ọkọ̀ lọ Kàdúná.
Mo kọ ogún síwájú orúkọ wọn, òdo síwájú tiwa.
Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.
Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, òfìfo ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbẹ́ sàréè Sùbérù. Ti àkọ́kọ́ kúrú.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gba ẹ̀yìn ilé ẹrù kọjá.
Irin Atóyèbí ṣì wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà, ó wọ́ sápá kan.
Sìfáwù, ọmọ afọ́kọ̀, ń ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sí i,
nítorí òun ló rí.
Ó wọlé. Ó já bọ́. Ó he é, ó tún jù ú.
Ìgbà yẹn ni èsì bàbá ọjọ́sí dé sí mi lẹ́nu, bàbá ti lọ:
agbọ̀n tó bá nídìí, ẹ̀ẹ̀kan náà là á ju nǹkan sí i.
Mo wá pẹ́ńsùlù nínú àpò.
Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn: "Bàbá, mélòó lẹ kà?"
Mo ní méje.
Mẹ́fà ni.