Irú Ojú Wo Lo Ní?

Kajaani, oṣù kejì, ọdún 1987.
Òtútù ìta lè la ìgò sí méjì.
Odò ti le bí òkúta,
òórùn igi tí wọ́n ń sè di bébà sì wọ inú irun mi débi pé
ológbò mi máa ń sín bí mo bá délé.

Iṣẹ́ alẹ́ ni tèmi, èmi Irja Kemppainen:
ẹ̀rọ ńlá kan nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀,
okùn mẹ́rìndínlógún tó ti ara rẹ̀ jáde
lọ sí ibi ìwọ̀n, ibi ìgé, ibi ìkẹ́rù,
tẹ́mínà kan lẹ́nu okùn kọ̀ọ̀kan,
kò sì sí méjì tó jọra,
nítorí èyí tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ ni ọ̀gá wa ń rà.

Ẹ̀rọ náà kò rí wa.
Sọ orúkọ rẹ, ó gbà.
Fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ó gbà.
Ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá gíláàsì lo jókòó tì tàbí bébà,
bóyá ìlà mẹ́rìnlélógún ni ojú rẹ gbà tàbí méjìlá,
bóyá o lè pa gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà
tàbí iwájú ṣáá lo mọ̀, bí omi.
Afọ́jú tó ń ya àwòrán fún olójú ni.
Ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà:
irú ojú wo lo ní?

Ó sì ti fi ìdáhùn sí ọ lẹ́nu,
vt100, nínú àkámọ́,
bí ìyá ọkọ tó ti bu oúnjẹ
kó tó béèrè bóyá ebi ń pa ìyàwó.
Tẹ bọ́tìnnì kan, o ti gbà.
Gbogbo wa là ń tẹ̀ ẹ́ láìkà á.

Bẹ́ẹ̀ ni Unto Heikura ṣe tẹ̀ ẹ́ ní ibi ìwọ̀n,
aago méjì òru kọjá díẹ̀,
lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà tààrà.
Kò ní gíláàsì. Kò lè pa nǹkan rẹ́.
Yíǹkì tó bá ti jáde ti jáde nìyẹn.
Ẹ̀rọ ńlá gbà á gbọ́.
Ó ní: nu ojú rẹ. Fò lọ sókè. Mú ọ̀rọ̀ yìí tàn.
Àmì àsálà, àkámọ́, méjì, J,
àmì àsálà, àkámọ́, H,
mítà mẹ́rin bébà tó kún fún ìsọkúsọ,
ìwọ̀n igi ọjọ́ náà sì sọnù sáàárín rẹ̀.
Ó pè mí lórí fóònù:
“Irja, ó ń fọ èdè tí n kò gbọ́ rí.”
“Rárá o,” ni mo ní, “ìwọ lo purọ́ fún un.”

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ṣí fáìlì tó máa ń jí
pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá wọlé.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: bó bá jẹ́ okùn keje, má bi í léèrè.
Odi ni.
Orúkọ tí ẹ̀rọ fún irú wọn nìyẹn, kì í ṣe èébú:
lẹ́tà kan, lẹ́tà kejì, òpin ìlà,
ó tún bẹ̀rẹ̀.
Àwọn yòókù, bi wọ́n,
ṣùgbọ́n mo yọ ìdáhùn inú àkámọ́ kúrò.
Wọ́n bú mi fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Unto fẹ̀yìn tì nígbà tí yìnyín yọ́.
Wọ́n gbé gíláàsì tuntun sí orí tábìlì rẹ̀,
aláwọ̀ ewé, ó mọ́lẹ̀ rekete.
Ọmọbìnrin tó gba ipò rẹ̀, Marketta, sọ fún mi pé
ó ń rìn ní ìlà kọ̀ọ̀kan bí arúgbó lórí àtẹ̀gùn,
kò sì mọ ohun tó ń ṣe é.
Mo mọ̀ ọ́n.
Mo ní màá tún un ṣe lọ́la.
Oṣù kẹjọ rèé.