Okùn Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí àwọn aránṣọ yòókù
ń lẹ àwòrán obìnrin aláṣọ léèsì mọ́,
okùn ni mo so rọ̀ síbẹ̀: mítà ọgọ́ta.
Ó ti ń fá lójú kan. Mo fi òwú pupa sàmì sí i
kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé ẹ̀mí lé e.

Àyọ́ọ̀nù ṣì gbóná lọ́wọ́ mi nígbà tí fóònù dún.
Ìyàwó Wọ̀rú ni. Kò kí mi.
“Ọkọ mi gun òkè lọ fa afárá oyin láti ìrọ̀lẹ́.”
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.
“Ajá rẹ̀ nìkan ló délé.”

Mo fi ṣòkòtò ọkọ ìyàwó kan sílẹ̀ lórí tábìlì,
ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní.

Àwa márùn-ún ni lóru yẹn:
Ṣàbí tó ń lẹ táyà,
Bàkè nọ́ọ̀sì, tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó tún wọ̀ ọ́ padà,
Ọdúnlámì olùkọ́, tí ibi gíga ń bà lẹ́rù
tí kì í sì í jẹ́ ká fi òun sílẹ̀,
Yéró ọmọ Fúlàní, tó mọ gbogbo ihò àpáta
bí ẹ ṣe mọ yàrá ìyá yín,
àti èmi.
Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wa.
Àpò ṣúgà ni mo rán pọ̀, tí a fi ń gbé ènìyàn sọ̀kalẹ̀;
orúkọ ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀,
ẹni tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ a dàbí ẹrù tí wọ́n fẹ́ kó lọ Kútọnu.

Àwọn tó ń fi mọ́tò gba Ṣábẹ kọjá ní òkè wa rẹwà.
Òótọ́ ni. Láti títì, wọ́n dàbí ìkòkò tí obìnrin kan fọ̀
tó dojú wọn délẹ̀ kí wọ́n gbẹ.
Ṣùgbọ́n ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kàn wọ́n lóru ọyẹ́:
òkúta tó jẹ oòrùn láti àárọ̀ ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara alábà,
tó bá di aago kan, á tutù lójijì,
a ó sì mọ̀ pé ẹni tó wà lókè náà ti ń tutù.

A kì í pariwo. A ó pe orúkọ lẹ́ẹ̀kan, a ó dákẹ́, a ó ka ọgbọ̀n.
“Wọ̀rú o!”
Òwìwí.
“Wọ̀rú o!”
Afẹ́fẹ́ nínú koríko gbígbẹ.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnìkan sín.
Ọdúnlámì ní, “Kì í ṣe èmi.”

Ó há sáàárín àpáta méjì,
ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí,
oyin ti ta á, ojú rẹ̀ wú bí àkàrà,
garawa ṣì wà láyà rẹ̀. Kò fi í sílẹ̀.
Yéró sọ̀kalẹ̀ tọ̀ ọ́ bí omi ṣe ń wá ọ̀nà.
Èmi ni mo di okùn mú. Mo fi ẹsẹ̀ ti òkúta,
mo ń wo òwú pupa mi bó ṣe ń sún mọ́ etí àpáta,
ìka mẹ́rin,
ìka mẹ́ta,
ó dúró.

Wọ́n ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.
Wọ̀rú mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìṣísẹ̀ wa ló kà, tó ń payín keke,
ó ka ẹgbẹ̀rún kan, ó ṣì í kà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.
Àkùkọ ti kọ kí a tó dé ìdí igi oṣè.
Ìyàwó rẹ̀ béèrè pé, “Èló ni?”
Bàkè ní, “Omi. Omi mímu.”

Òjò ti dé báyìí. Wọ̀rú ń tiro.
Bó bá rí mi lọ́jà, á yà sẹ́yìn ilé.
N kò bínú. Ó ṣòro láti kí ẹni tó gbọ́
bí o ṣe ń ké pe ìyá rẹ lójú oorun.
Ajá rẹ̀ nìkan ló ń wá. Lọ́sàn-án gbogbo,
á wá sùn sábẹ́ okùn.

Mo ti gé ibi tó fá dànù.
Ó ku mítà àádọ́ta.
Ẹ̀yin tí ẹ ó gun òkè lọ́la, ẹ jọ̀ọ́,
bí ẹ bá máa já bọ́,
ẹ má jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.