Ohùn Tí Kò Kágò

Láti ọ̀sán la ti ń fà á, èmi àti ohùn yìí,
ní Òkè-Baálẹ̀, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí páànù ẹlòmíràn.
Kọ̀ǹpútà wà lórí àpótí,
eyín dùùrù kékeré wà lórí itan mi.
Mo tẹ ọ̀kan: kò!
Mo tẹ èkejì: kò!
Ohùn fèrè ni mo ń wá,
èkùrọ́ ni mo ń pa.

Mo kọ́kọ́ ní wáyà ló bàjẹ́.
Mo tọ Súfíyánù lọ ní Ìgbọ́nà,
ẹgbẹ̀rún méjì náírà, wáyà tuntun nínú ọ̀rá.
Kò!
Mo ní sípíkà ló ya.
Mo yá hẹ́ẹ̀dífóònù àbúrò mi:
kò! nínú agbárí mi gan-an.
Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn,
mo fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí bí ẹni ń fẹ́ná àdògán.

Nígbà náà ni mo ṣí ojú ewé tí mo máa ń fò,
níbi tí bọ́tìnì roboto mẹ́rin tò sí bí ọmọ iléèwé:
bí ohùn yóò ṣe wọlé,
bí yóò ṣe rọlẹ̀ lẹ́yìn ìwọlé,
ibi tí yóò jókòó sí níwọ̀n ìgbà tí ìka kò bá kúrò,
bí yóò ṣe lọ.
Mo yí àkọ́kọ́. Kò!
Mo yí i dópin. Kò!
Wákàtí kan gbáko ni mo fi ń yí ohun tí kò gbọ́ tèmi,
kí n tó rí i pé ìbejì ni wọ́n,
mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀, ojú kan náà.
Ti òkè ń ṣọ́ bí ohùn ṣe mọ́ tàbí tó ṣókùnkùn,
ti ìsàlẹ̀ ló ni bó ṣe ròkè tó.
Kẹ́hìndé ló jẹ gbèsè,
Táyé ni mo dì mú lọ́rùn.

Ibi tí mo ti ń bẹ Táyé ni ilẹ̀kùn ti ṣí, gbàà!
Bàbá Jọláadé ni, akọ̀wé ibùdókọ̀ rélùwéè nígbà kan,
tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, tòun ti tọ́ọ̀ṣì,
kò kágò, kò kanlẹ̀kùn.
"Mọ̀rẹ́nikẹ́, ta ló ń pa èkùrọ́ lóru?"
Mo tẹ ọ̀kan fún un. Kò!
"Òun náà nìyẹn."
Mo wò ó lójú. Mo wo ilẹ̀kùn tó ṣì ń gbọ̀n lára ògiri.

Òdo ni mo fi ìwọlé rẹ̀ sí.
Kò sí ẹ kúulé, kò sí bàtà ní bíbọ́,
ó kàn bẹ́ sínú yàrá.
Mo sọ̀kalẹ̀ sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé, mo fún un láàyè díẹ̀,
kò tó ìṣẹ́jú akàn.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Ó wọlé bí aró ṣe ń wọ òwú nínú ìkòkò ìyá ìyá mi.

Bàbá jókòó. "Hẹn.
Èyí jọ fèrè ọkọ̀ aago márùn-ún,
nígbà tó bá ku díẹ̀ kó dé láti Ìkìrun."
Ó sọ ti Ìkìrun. Ó sọ ti ọ̀gá kan tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ewúrẹ́.
Ó dìde, ó ní ó dàárọ̀.
Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní ó dàárọ̀,
ó di férémù mú, ó tún rántí ewúrẹ́ náà.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti gbọ́ àìsàn kejì:
ìka mi ti kúrò, ohùn kò lọ,
èkíní ṣì ń dágbére, èkejì ti wọlé,
ẹ̀kẹta ń tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ẹrẹ̀.
Bọ́tìnì ìkẹyìn: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ!
Mo gé e jù, ó já bí okùn kànga.
Mo dá díẹ̀ padà.
Àlejò tó bá fẹ́ lọ, ká sìn ín dójúde,
kì í ṣe ká sìn ín dé Ẹdẹ.

Iná lọ. Bátìrì ku mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo tọ́jú ohùn náà pamọ́,
Jọláadé ni mo kọ sí i lórí.
Níta, nínú òkùnkùn, ó ṣì ń ro ẹjọ́ ewúrẹ́ fún ajá onílé.
Mo tẹ eyín kan, mo gbé ìka,
mo ń kà á: ení, èjì...
ó lọ.