Ìlà Tó Nà Gbọọrọ

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Wínípẹ̀gì,
yìnyín ti gun fèrèsé dé ìbàdí.
Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ẹ̀wù búlúù iṣẹ́ òru,
Màámi ò bojú wẹ̀yìn.
Ó ká ẹsẹ̀ sórí àga, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orúnkún,
ó tẹjú mọ́ dókítà inú tẹlifíṣọ̀n
bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

"Àwẹ̀ró, jókòó. Wọ́n fẹ́ là á láyà."

Mo jókòó. Ẹnu mi ò jókòó.

Màámi, ẹ wò ó, òdì ló fi ẹ̀rọ àyà bọ etí!
Ẹ wo fọ́tò egungun tó gbé kọ́ sára iná:
ó dorí kodò, ọkàn ti ṣí lọ sápá kejì.
Rọ́bà ń bẹ lọ́nà ọ̀fun aláìsàn,
ó sì ń sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé òun fẹ́ràn ẹ̀.
Ibo ni ohùn gbà jáde? Imú ni àbí etí?
Dókítà kan náà ló gba ẹ̀jẹ̀, òun ló yẹ ẹ̀jẹ̀ wò,
òun ló ti bẹ́ẹ̀dì, òun náà ló gbé ọ̀bẹ,
èsì àyẹ̀wò dé kí ìpolówó ọṣẹ tó parí.
Nọ́ọ̀sì dà?
Ẹnìkan ṣáà ń kọjá lẹ́yìn, ó gbé fáìlì, kò lórúkọ.
Èmi nìyẹn, Màámi. Èmi ló ń kọjá yẹn.

Màámi pòṣé.
"Nígbà tí ìjàpá ń fọhùn nínú àlọ́ mi,
ṣé o bi mí irú ahọ́n tó ní?"

Mo ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa lé e bá.

Ó ní, "Jẹ́ kó máa sáré ná."

Ìgbà náà ni ìlà ojú ẹ̀rọ nà gbọọrọ.
Píìììì.
Dókítà kígbe, ó gbé irin méjì, ó fi wọ́n ra ara wọn,
ó fi iná sí i láyà. Ara fò sókè.
Mo ní irọ́ ńlá! A kì í fi iná sí ìlà tó ti nà.
Ìlà tó ń gbọ̀n, tó ń jó ijókíjó, là ń fi iná sí.
Èyí tó nà, ọwọ́ ni. Abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ọwọ́.

Ọwọ́.

Mi ò sọ fún un pé lóru àná
mo gun àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá Kowalchuk,
mo ń tẹ àyà rẹ̀, mo ń kà á dé ọgbọ̀n,
egungun ìhà rẹ̀ ń dá lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi
bí igi gbígbẹ tí èèyàn fẹsẹ̀ tẹ̀ lóko.
Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì.
Kò sí orin lẹ́yìn wa. Ẹnìkan ń wá kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀.
Òógùn mi kán sí ìpéǹpéjú rẹ̀, kò ṣẹ́jú.
Dókítà wo aago, ó pe aago, mo kọ aago sílẹ̀.
Mo pa ẹ̀rọ. Mo pa ẹnu rẹ̀ dé.
Mo pe ọmọ ẹ̀ ní Brandon, ó ní yìnyín ti dí ọ̀nà,
ó ní ṣé bàbá òun jẹun alẹ́.
Mo ní ó jẹ díẹ̀.

Wọn kì í fi ìyẹn hàn.

Màámi ò bi mí léèrè. Ó wo ọwọ́ mi
tó ń tẹ tìmùtìmù láìmọ̀.
"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?
Ọwọ́ mi ni bàbá rẹ kú sí ní Ìkìrun.
Iná lọ, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀,
iná fóònù ni nọ́ọ̀sì fi ń wá iṣan.
Mo ti rí òótọ́, Àwẹ̀ró. Èmi ni mo sin ín.
Ti èyí tó wà níbẹ̀ yẹn, jẹ́ kó dìde."

Ìlà ṣì nà. Píìììì.
Dókítà tó kun ètè tún ń fi irin ra irin.
Mo fa bùláńkẹ́ẹ̀tì dé orúnkún tèmi.
Yìnyín ń bọ́ lóde, kò dún.
Mo gbọ́ ohùn kan nínú pálọ̀ tó ní,
"Ẹ tún fi iná sí i! Ẹ fi kún un!"

Ohùn mi ni.