Ọ̀dà Pupa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Èmi ni mo gbé agolo ọ̀dà náà.
Ẹ má bi ẹlòmíràn.
Búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, máàpù lábẹ́ abíyá,
bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó mú.

Lórí máàpù, ilà gbọọrọ ni àdúgbò náà:
gọ́tà níhìn-ín, iná òpópó lọ́hùn-ún,
àti igi mẹ́fà tí ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà gbìn.
Nílẹ̀, ògiri fi èjìká ti ògiri,
páànù ti dípẹtà, ó pọ́n bí awẹ́ obì,
omi ìdọ̀tí ń gba ẹnu ọ̀nà Ìyá Ṣifáwù kọjá
láì kí i.

Ilé Láìdé aránṣọ ni mo kọ́kọ́ fa àmì sí.
Ó wo ọ̀dà, ó wò mí.
"Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ńkọ́, ṣé òun náà wà lójú ọ̀nà?"
N kò rí èsì. Mo kọ nọ́ńbà: mẹ́tàdínlógún.

Ìyá Ṣifáwù kò pariwo.
Ó fà mí lọ́wọ́ wọ pálọ̀, ó ká ẹní sókè:
sìmẹ́ńtì tó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ.
"Baba wọn rèé. Ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Níbo nínú fọ́ọ̀mù yín ni ẹ ó kọ wọ́n sí?
Onílé ni wọ́n, àbí ayálégbé?"

Fọ́ọ̀mù ní àyè fún fèrèsé,
ó ní àyè fún kànga, fún igi ọsàn tó ń so.

Ẹ gbọ́, n kò ní kí ó wà bẹ́ẹ̀.
Ọdún tí omi ya wọlé, mo wà níbẹ̀,
mo ru tìmùtìmù la omi tó dé ìdodo mi kọjá.
Onígbáméjì mú ọmọ Mudaṣírù lóru,
ọkọ̀ dúró sí títì, kò rí ojú ọ̀nà wọlé,
ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n jáde. Ó pẹ́ jù.
Ẹni tó ní kí a fi àdúgbò yìí sílẹ̀ bó ti wà
kò tíì sùn níbẹ̀ nígbà òjò.

Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ní àwọn yóò san fún onílé
ti ń rìn bọ̀ láti sẹkitéríàtì fún ọdún méjì,
ìrìn ọ̀kadà kan péré.
Níbi ìpàdé, àwọn ajogún tó ti Èkó wá ní
kí a tètè wó o, kí a tètè sanwó;
àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò rí àga jókòó.

Àgbàrá òjò kò ní òun ò ní wólé,
onílé ni kò ní gbà fún un.
Èmi tí mo ń gba owó oṣù,
àgbàrá ni mí ni, àbí onílé?

Ìyá Ṣifáwù bu omi fún mi, mo mu.
"Fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé," ó ní,
"kó má kan orúkọ tí ọkọ mi fi ìka kọ
nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù."
Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rọra fà á.
Ọ̀dà náà ṣàn.